"Run" kì í ṣe eré sísá nìkan

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Àjàṣẹ́ àti ní gbogbo ibi tí ọmọ Yorùbá wà ní Benin àti Togo.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kékeré kan wà tó ń da àwọn ọmọ wa láàmú. Lẹ́tà mẹ́ta péré ni: "run". Bí wọ́n bá kọ́ ọ ní kíláàsì, ohun tí wọ́n máa kọ sínú ìwé ni pé "run" ni "courir", ìyẹn ni pé kí èèyàn sáré. Ó parí.

Ẹ wá jẹ́ kí ọmọ náà gba bọ́dà Sèmè wọ Nàìjíríà. Á gbọ́ pé ìyá kan ń "run" ṣọ́ọ̀bù. Ìyá kò sáré o, ó ń bójú tó ọjà rẹ̀ ni. Wọ́n ní imú ọmọdé ń "run": ikun ló ń yọ. Wọ́n ní ẹnìkan ní "running stomach": ìgbẹ́ gbuuru ló ń ṣe é. Epo ti "run out": ó ti tán. Olóṣèlú fẹ́ "run": ó fẹ́ du ipò. Ẹni tó bá sì ní òun ń ṣe "runs" l'Ékòó, owó ló ń wá kiri, ọ̀nà rẹ̀ sì lè má mọ́ tó.

Àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Oxford ka ìtumọ̀ 645 fún "run" yìí. Nínú ẹ̀dà ọdún 1989, "set" ló wà níwájú, òun ní 430.

Àwọn kan máa ń sọ pé èdè wa kò lọ́rọ̀ tó, pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń ṣe iṣẹ́ mẹ́wàá. Bí ìyẹn bá jẹ́ òṣì, a jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló tòṣì jù láyé! À ń jẹ iyán, à ń jẹ gbèsè, à ń jẹ oyè, à ń jẹ èrè, à ń jẹ ìyà, à ń jẹ ayé. Ọmọ ọdún márùn-ún kì í béèrè bí gbèsè ṣe gba ọ̀nà ọ̀fun kọjá. Inú gbólóhùn ló ti gbọ́ ọ, ó sì yé e.

Nítorí náà, èrò tèmi nìyí. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ yé to ọ̀rọ̀ kan sí ìtumọ̀ kan. Gbólóhùn ni kí ẹ fi kọ́ wọn. Kí ẹ sì jẹ́ kí Yorùbá wọ kíláàsì, torí ọmọ tó mọ iṣẹ́ tí "jẹ" ń ṣe ti mọ ìdajì ọ̀nà "run". Ayé tí wọ́n ń fi "signal" kọ́ ọmọ tó sọ èdè ilé rẹ̀ lọ́rùn, kò yẹ kó padà wá mọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ bá wọn ṣe é nílé: ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, gbólóhùn márùn-ún, kí ọmọ sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní Yorùbá.

Ní ìlú tiyín ńkọ́? Kí lẹ tún máa ń "jẹ" tí n kò kà síbí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀.