Wọ́n fi kòkòrò HIV wo fọ̀níkú-fọ̀ladìde: kí ló kù fún wa n'Íbàdàn?

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá, ọdún 2023, àjọ FDA tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn l'Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú tuntun méjì fún àrùn fọ̀níkú-fọ̀ladìde. Ọ̀kan ń jẹ́ Casgevy, $2.2 mílíọ̀nù. Èkejì ń jẹ́ Lyfgenia, $3.1 mílíọ̀nù fún aláìsàn kan ṣoṣo. Tí a bá ṣẹ́ dọ́là kan ní ₦1,500, owó Lyfgenia lé ní bílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ náírà.

Kí ló kan ará Kúdẹtì níbẹ̀? Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Nàìjíríà ni wọ́n ti ń bí ọmọ SS jù lọ láyé, wọ́n lé ní 100,000 lọ́dún. Bí ẹnì kan nínú mẹ́rin wa ló ní ẹ̀jẹ̀ AS.

Olè tí wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀

Lyfgenia ni mo fẹ́ ká yẹ̀ wò, torí ohun tó ń gbé e ṣiṣẹ́ lè já èèyàn láyà. HIV wà lára ìdílé kòkòrò tí wọ́n ń pè ní lentivirus. Ìwà burúkú wọn ni pé wọ́n máa ń wọnú sẹ́ẹ̀lì, wọ́n á sì rán ara wọn mọ́ DNA onílé. Àwọn onímọ̀ wá rò ó pé, olè tó mọ ilẹ̀kùn ṣí tó báyìí, ẹ jẹ́ ká gba ìbọn lọ́wọ́ ẹ̀, ká bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ní 1996, Luigi Naldini àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí Salk ní California fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Wọ́n yọ ohun tó fi ń ṣèèyàn léṣe kúrò. Èyí tó kù lè wọlé kó já ẹrù, àmọ́ kò lè bí sí i, kò sì lè kó éèdì ran ẹnikẹ́ni.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ẹrù dé? Ibẹ̀ ni "reporter" ti wọlé. Ẹ ò ṣì í kà, orúkọ iṣẹ́ tiwa gan-an ni. Nínú láàbù, wọ́n á di jíìnì GFP, tí wọ́n rí lára ẹran omi jellyfish, mọ́ ẹrù náà. Tí wọ́n bá tan iná búlúù sí i, sẹ́ẹ̀lì tó gba ẹrù á tàn yòò ní àwọ̀ ewé. Wọ́n á wá kà á: nínú ọgọ́rùn-ún, mélòó ló tàn? Iṣẹ́ GFP yìí gba ẹ̀bùn Nobel ní 2008. Èyí tí wọ́n ń fún aláìsàn kì í tàn o, jíìnì ẹ̀jẹ̀ tó dáa ló gbé.

Kì í ṣe iṣẹ́ eré. Wọ́n á kọ́kọ́ gba sẹ́ẹ̀lì tó ń bí ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn, wọ́n á fi oògùn líle gbá mùdùnmúdùn egungun rẹ̀ mọ́, kí wọ́n tó dá sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n tún ṣe padà. FDA pàápàá fi ìkìlọ̀ ńlá sí i nípa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀.

Iná ni ìbéèrè

Ẹnu rọrùn láti sọ pé kí àwa náà bẹ̀rẹ̀ tiwa. UCH ti wà látọdún 1957, àwọn tó mọ̀ nípa kòkòrò àrùn sì pọ̀ níbẹ̀. Àmọ́ irú kòkòrò tí mò ń sọ yìí, inú fíríìsà tó tutù dé -80°C ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ sí tọ̀sán tòru. UCH kan náà ló wà nínú òkùnkùn fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọjọ́, láti ìparí 2024 wọ 2025, torí gbèsè iná. Orílẹ̀-èdè tí láàbù rẹ̀ ò níná, oníbàárà ni yóò máa jẹ́, iye tí ọlọ́jà bá sì dá ló máa san.

Ṣé ká wá káwọ́ gbera? Rárá. Oògùn hydroxyurea máa ń dín ìrora kù, wọ́n sì ti lò ó ní Kánò láti dènà rọpárọsẹ̀ lára ọmọ SS. Wọ́n ń ṣe é níbí, n'Áwẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀yọ́. Gánà ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun wò ní Kumasi láti 1995. Ìyẹn ò gba bílíọ̀nù.

Torí náà, tí àwọn olóṣèlú bá tún wá kí wa ní Kúdẹtì, Bẹẹrẹ àti Mápó, ẹ má béèrè ìrẹsì. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun mẹ́ta: àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún gbogbo ọmọ tuntun, hydroxyurea ní ọ́fíìsì ìlera tó sún mọ́ wa, àti iná tí kì í lọ fún láàbù. Ti Amẹ́ríkà lè máa bọ̀ lẹ́yìn. Ọmọ tó ń sunkún eegun lóru òní ò lè dúró dè é.