Níbo ni bọ́ọ̀lù ti wọ omi?

A mọ̀ pé bí a bá dárúkọ gọ́ọ̀fù báyìí, ọ̀pọ̀ yín ni yóò yínmú. Ẹ ó ní eré olówó ni, eré àwọn ọ̀gá tí ikùn wọn ti yọ, tí wọ́n ń rìn kiri orí koríko ní Ìkòyí. A kò bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n òfin kan wà nínú eré náà tí kò kúrò lọ́kàn wa láti ìgbà ọmọdé, òfin bọ́ọ̀lù tó bá bọ́ sómi. Ó kan ẹgbẹ́ wa yìí gan-an, pàápàá lẹ́yìn ohun tí ojú wa rí lórí pápá lọ́dún tó kọjá.

Deco Road ní ìlú Wàrí ni wọ́n ti tọ́ wa dàgbà. (Bí ohùn wa bá ṣì ń dún bíi ti ọmọ Wàrí, ẹ forí jì wá. Píjìn ni a kọ́kọ́ fi jà kí a tó mọ bí a ti ń fi Yorùbá bẹ̀bẹ̀.) Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, òjò ibẹ̀ kì í sì í ṣeré. Etí títì ni a ti ń gbá bọ́ọ̀lù, gọ́tà ni ààlà wa. Bí bọ́ọ̀lù bá já sí gọ́tà, ìjà dé. Ta ni yóò wọ inú omi dúdú yẹn lọ mú un? Èyí rọrùn, ẹni tó gbá a ni. Níbo ni a ó wá gbé e sí? Èyí ni kò rọrùn. Ẹni tí apá rẹ̀ bá le jù ló ń pinnu.

Ẹ̀gbọ́n kan wà ní ilé kejì sí tiwa tí ó máa ń bá àwọn olówó ru àpò ọ̀pá gọ́ọ̀fù. Òun ló kọ́ wa pé àwọn olówó náà ní gọ́tà tiwọn. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sínú omi tí wọ́n kan èèkàn pupa sí létí, ẹni tó gbá a yóò fi gbígbá kan san ìtanràn. Yóò wá wo ibi tí bọ́ọ̀lù ti ré etí omi kọjá kẹ́yìn, kì í ṣe ibi tó rì sí o, yóò wọn ìwọ̀n ọ̀pá méjì láti ibẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fi ìyẹn sún mọ́ ihò. Bí èèkàn bá jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè, kò sí wíwọn ọ̀pá sẹ́gbẹ̀ẹ́: yálà kí ó padà sí ibi tó ti gbá a, tàbí kí ó fà sẹ́yìn lórí ìlà tó ti ihò wá, tó gba ibi tí bọ́ọ̀lù ti wọ omi kọjá. Bí ó bá sì wù ú, kí ó ká ṣòkòtò sókè, kí ó wọ inú omi lọ gbá a bó ṣe wà. Kò ní san nǹkan kan. Omi òjò tó kàn dágún sórí pápá ńkọ́? Ọ̀fẹ́ ni, kò sí ìtanràn. Èyí ló pa wá lẹ́rìn-ín jù, nítorí bó bá di oṣù keje, gbogbo Deco Road ni ì bá di ọ̀fẹ́.

Òfin yìí ti pẹ́. Ní 1744 ni àwọn ọ̀gbágọ́ọ̀fù ìlú Leith ní Scotland kọ òfin 13 sílẹ̀, ìkarùn-ún sì ni ti omi: mú bọ́ọ̀lù rẹ jáde, gbé e sẹ́yìn omi, kí o fún alátakò rẹ ní gbígbá kan. Bí a ṣe ń ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ni wọ́n ń yí padà. Ṣáájú 1984, orí èjìká ni wọ́n ń gbà jù ú sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí a na apá ní ìwọ̀n èjìká. Láti 2019, ìwọ̀n orúnkún ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbá a ni ó ń sọ ibi tó ti wọ omi. Ìwé òfin ọdún 2019 tilẹ̀ là á mọ́lẹ̀: bí ó bá fi òótọ́ inú ṣírò ibẹ̀, wọn yóò gbà á, bí fídíò tilẹ̀ fi hàn lẹ́yìn náà pé ó ṣì í.

Ẹ rántí Tiger Woods ní ìdíje Masters ọdún 2013. Ní ihò kẹẹ̀ẹ́dógún, bọ́ọ̀lù rẹ̀ lu ọ̀pá àsíá, ó ta padà sínú omi. Ó yàn láti gbá òmíràn ní ibi tó ti gbá ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó sún sẹ́yìn ní bíi yáàdì méjì. Ẹnì kan tó ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n pè wọ́n. Àwọn adájọ́ wò ó, wọn kò rí àṣìṣe. Àfi ìgbà tí Woods fẹnu ara rẹ̀ sọ fún àwọn oníròyìn pé òun sún sẹ́yìn. Wọ́n fi gbígbá méjì kún un, 71 rẹ̀ di 73. Àwọn kan ní ìbá ti pa ẹnu mọ́. Láti 2018, wọn kò gba irú ìpè òǹwòran bẹ́ẹ̀ mọ́, inú wa sì dùn sí i. Ẹni tó wà létí omi ni kí a bi.

Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́. Nígbà tí a wà ní ọmọ ọdún 11, àwa fúnra wa la gbá bọ́ọ̀lù kan sí gọ́tà nítòsí ojú-ilé tiwa. A ní ọ̀dọ̀ ìyá aláta, lọ́hùn-ún, ló ti wọlé. Ọmọ Ùròbò kan tí a jọ ń gbé inú ọgbà kan náà rí i, ó sì ta kò wá. Àwọn ẹgbẹ́ wa tì í, ó ṣubú sínú gọ́tà, ìgò gé e lẹ́sẹ̀. A dákẹ́. Fún ọdún méjì gbáko, a ń pàdé lẹ́nu géètì, a kì í kí ara wa. Kérésìmesì tó kọjá ni a tó sọ òótọ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò bínú ẹsẹ̀ tó gé, pé ẹnu tí a pa mọ́ ni òun bínú sí.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ọdún tó kọjá fi dùn wá. Bọ́ọ̀lù lásán, àwa àti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn. Bọ́ọ̀lù jáde, ọmọ tiwa ló fara kàn án kẹ́yìn, ó mọ̀, ó sì gbé e láti jù ú wọlé. Rẹfirí kò rí i. Kí a tó ṣẹ́jú, ẹ̀ṣẹ́ ti ń fò, eyín ọ̀kan nínú wa sì ti wà nílẹ̀. Ẹni mẹ́rin ó kéré tán nínú wa ló mọ òótọ́.

Àbá wa rèé, a ó sì gbé e wá sí ìpàdé. Nínú bọ́ọ̀lù ọ̀rẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ tí ẹgbẹ́ wa bá tún gbá, kí a má bi rẹfirí ní ti bọ́ọ̀lù tó jáde. Ẹni tó fara kàn án kẹ́yìn ni kí ó nawọ́ sókè. Ẹ ó ní àwọn yòókù yóò rẹ́ wa jẹ. Bóyá. Jíjù méjì tàbí mẹ́ta ni wọn yóò fi rẹ́ wa jẹ, owó oníṣègùn eyín sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Akápò wa lè jẹ́rìí sí i.