Nọ́ńbà Ara Mọ́tò Ní Gírámà Tirẹ̀

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, bí olùkọ́ bá ní kí a wá mọ́fíìmù, inú ìwé la máa ń sáré sí. Èrò tèmi ni pé ó yẹ kí a máa yà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì náà, pàápàá ní Okpomèta àti àwọn ìlú Kétu yòókù.

Ẹ wo nọ́ńbà yìí: 113 611 015 BD. Ara Volkswagen àtijọ́ tí a ń pè ní ìjàpá ni. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ: 113 tó ṣáájú ló ń sọ irú mọ́tò tí wọ́n ṣe é fún. Ká ní 211 ni, ti bọ́ọ̀sì nìyẹn. Nínú 611, 6 ń tọ́ka sí táyà àti bíréèkì; 1 ìbá jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì, 9 ìbá jẹ́ ti iná. 015 ni ẹ̀yà náà gan-an: másítà bíréèkì, tó ń ti ọ́ọ̀lì lọ sí ẹsẹ̀ mọ́tò. BD ló wá yà á sọ́tọ̀ láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ BH, ti ìjàpá 1302 àti 1303 la rà yẹn. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló yàtọ̀! Ẹni tó bá ka àfòmọ́ ìparí yìí sí ọ̀ṣọ́ lásán yóò pàdánù owó, bíréèkì kì í sì í ṣe ohun eré.

Kí ló wá kan Kétu níbẹ̀? Lọ́dún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ààlà la ilẹ̀ Kétu já. Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Kétu àti Okpomèta bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ohun tí a ń kọ ní p níhìn-ín, kp ni wọ́n ń kọ ọ́ lọ́hùn-ún. Ohun tí mẹkáníìkì tiwa ń pè ní plug, bougie ni lédè Faransé. Jíà tiwa, vitesse ni. Ọmọ Yorùbá méjì lè dúró síwájú ọjà kan náà kí wọ́n má gbọ́ ara wọn yé. Nọ́ńbà nìkan ni kì í yí padà ní bodè.

Àwọn kan lè sọ pé bí nọ́ńbà bá ti wà, kí la tún ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá sí? N kò gbà. Nọ́ńbà ń ya nǹkan sọ́tọ̀ ni, kì í ṣàlàyé. Ọmọṣẹ́ tó fẹ́ mọ iṣẹ́ tí irin kan ń ṣe, ọ̀rọ̀ ni yóò fi bi ọ̀gá rẹ̀. Bí ìpẹtà bá sì jẹ nọ́ńbà kúrò lára irin, ẹnu ọ̀gá náà ló kù.

Nítorí náà, mo dá a lábàá pé kí ẹnìkan nínú wa fi èyí ṣe iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀: kí ó kó orúkọ ara mọ́tò jọ ní Okpomèta àti ní Ìmẹ̀kọ, kí ó fi nọ́ńbà ṣe atọ́nà, kí ó kọ orúkọ tí tọ̀tún tòsì ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Ọdún 2003 ni wọ́n ṣe ìjàpá tó kẹ́yìn, ní Mẹ́síkò. Àwọn tó mọ̀ ọ́n tú, tí wọ́n mọ̀ ọ́n tò, ń dàgbà lọ. Ẹ jẹ́ ká tètè mú bírò àti ìwé lọ bá wọn.