Ẹni tí Kò Mọ Òfin Iṣẹ́ Kò Gbọdọ̀ Buwọ́ Lu Ìwé Gbélé-ẹ

Ẹ lọ sí súpámákẹ́ẹ̀tì tàbí ilé-epo ní Ìbàdàn, ní Ìkẹjà tàbí ní Òṣogbo lálẹ́, nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò owó ọjọ́ náà. Bí owó kò bá pé, inú owó oṣù ọmọ tó jókòó ti owó ni wọn yóò ti yọ ọ́. Wọn kì í wádìí bóyá POS ló sọ pé owó wọlé tí kò sì wọlé, tàbí bóyá máníjà ló mú nínú rẹ̀. Ọmọ tó ń gba 70,000 náírà lóṣù, wọ́n lè yọ 30,000 níbẹ̀ láìbi í ní ìbéèrè kan. Ọ̀gá HR, ìyẹn ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, á kọ ọ́ sílẹ̀, ó parí. Ó ti rú òfin nìyẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀ pé àwọn rú u.

Abala karùn-ún nínú Òfin Òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa là á yé wa. Kí agbanisíṣẹ́ tó lè yọ owó nítorí àdánù, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ náà ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí pé àìbìkítà rẹ̀ ló fà á, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀ràn iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i lórí ìwé. Gbogbo ohun tí wọ́n bá sì yọ lóṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Láti ayé ìjọba Gowon ni òfin yìí ti wà.

Mo ń sọ ọ́ láìfi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: ẹni tí kò bá lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí òfin iṣẹ́ lọ́dọọdún, kò yẹ kó wà nípò HR. Kò yẹ kó gba ènìyàn síṣẹ́, kò sì yẹ kó lé ènìyàn lọ. A kì í kó èrò sínú mọ́tò fún ẹni tí kò ní láísẹ́ǹsì.

Àwọn oníléeṣẹ́ á ní, “A ní lọ́yà.” Lọ́yà wo? Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá bàjẹ́ tán ni wọ́n ń ké sí i. HR ló sọ fún aláboyún pé kó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, nígbà tí òfin fún un ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12, pẹ̀lú ìdajì owó oṣù rẹ̀ ó kéré tán bó bá ti lo oṣù 6 lẹ́nu iṣẹ́. HR ló ní kí akọ̀wé tó ti lo ọdún 6 kó ẹrù rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, nígbà tó jẹ́ pé nótíìsì oṣù kan gbáko ni òfin là kalẹ̀ fún ẹni tó bá ti pé ọdún 5. Àwọn ìwé tí HR kọ yìí ni adájọ́ yóò kà, kò sì sí lọ́yà tó lè yí ohun tó ti wà nínú wọn padà.

Àwọn HR mìíràn ní àwọn ti kọ́ òfin iṣẹ́ nígbà kan rí. Òfin kò dúró dè wọ́n. Ní oṣù kẹta ọdún 2011, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí àtúnṣe kẹta sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa. Àtúnṣe náà fìdí National Industrial Court, ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́, múlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé-ẹjọ́ gíga, ó sì fún un láṣẹ láti wo ìlànà tó dára jù lágbàáyé bó bá ń dájọ́. Láti ìgbà náà, ohun tí agbanisíṣẹ́ ń ṣe láṣegbé tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí wọ́n ń bi í léèrè. Láyé àtijọ́, bí ọ̀gá bá ti fún òṣìṣẹ́ ní nótíìsì, kò pọn dandan kó sọ ìdí tó fi lé e. Ilé-ẹjọ́ yìí ti wá sọ nínú ìdájọ́ tó ju ẹyọ kan lọ pé ìyẹn kò bá ìṣe ayé òde òní mu mọ́. Síbẹ̀, Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ṣì di ìlànà àtijọ́ mú nínú àwọn ìdájọ́ kan. Ọ̀rọ̀ tí àwọn adájọ́ pàápàá kò tíì fẹnu kò lé lórí, báwo ni ẹni tó ka òfin kẹ́yìn ní ọdún 2009 ṣe fẹ́ mọ ibi tó dé? Owó oṣù tó kéré jù lọ náà ti kúrò ní 30,000 náírà, ó ti di 70,000 láti oṣù keje ọdún 2024, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọn yóò sì máa tún un yẹ̀ wò báyìí.

Òmíràn tún wà tó ń ṣi HR lọ́nà: Òfin Òṣìṣẹ́ kò kan gbogbo ẹni tó wà nílé-iṣẹ́. Àwọn tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ló wà fún. Ní ti máníjà àti ẹnjiníà, àdéhùn tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ ni a ó kọ́kọ́ wò. HR tí kò mọ èyí yóò máa fi òfin ẹnì kan ṣèdájọ́ ẹlòmíràn.

Ẹ má sọ pé kò sówó. Ilé-iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tó ń san lọ́dún fún ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Bó bá sì kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ, ó lè gbà tó ìdajì owó náà padà. Owó tó ti kúrò lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀ ni mo ní kí ẹ fi kọ́ wọn.

N kò sọ pé kí ẹ lọ sí sẹminá òtẹ́ẹ̀lì tí oúnjẹ àti fọ́tò ti pọ̀ ju ẹ̀kọ́ lọ. Èyí tí mo ń wí ni ibi tí lọ́yà tó ń rojọ́ ní National Industrial Court yóò ti tú àwọn ìdájọ́ ọdún náà palẹ̀, tí HR yóò mú lẹ́tà tí òun fúnra rẹ̀ kọ wá, lẹ́yìn tó bá ti pa orúkọ inú rẹ̀ rẹ́, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Kí aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀ láti sọ ibi tó ń dun àwọn tirẹ̀. Kí ìdánwò wà níparí, kí ẹni tó bá fìdí rẹmi padà wá.

Ẹ̀yin aláṣẹ CIPM, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ HR, láti ọdún 1992 ni òfin ti wà lẹ́yìn yín. Ẹ sọ ẹ̀kọ́ yìí di dandan fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ yín. Ẹ̀yin oníléeṣẹ́, kí oṣù yìí tó parí, ẹ bi ọ̀gá HR yín léèrè ìgbà tó jókòó kọ́ òfin iṣẹ́ kẹ́yìn. Bí kò bá rántí, ẹ má ṣe jẹ́ kó buwọ́ lu ìwé òṣìṣẹ́ kankan mọ́ títí yóò fi lọ kọ́ ọ.