Ẹ̀KỌ́ TÍ KÒ NÍ AGOGO

Láti ọdún 2002 tí ìjọba ti tún National Open University ṣí, lẹ́yìn tí àwọn ológun tì í pa ní 1984, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó ti ń pa iṣẹ́ òòjọ́ àti ìwé kíkà pọ̀. Àwọn tuntun a máa rò pé, níwọ̀n bí kò ti sí olùkọ́ tí ń pe orúkọ, ó di ọjọ́ ìdánwò. Ẹ̀tàn gbáà ni! Iṣẹ́ àṣetiléwá orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó ni máàkì 30 nínú 100. Bí ọjọ́ rẹ̀ bá kọjá, ó lọ nìyẹn. Owó sísan nìkan kò sì tó: akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó tún forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò rẹ̀. Kí ó tètè gba ìwé ẹ̀kọ́ sórí fóònù, kí ó máa fi ìdájí kà á, kí ọjà tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.