OÒGÙN WO LẸ NÍ KÓ FI SÍLẸ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí á gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ "Àmín" sábẹ́ ẹ̀, torí kì í ṣe ọ̀rọ̀ Àmín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ kí arákùnrin kan nílé ẹ̀ ní Ìsìnkàn, níbí ní Àkúrẹ́. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà nínú ìjọ láti bí ọdún mẹ́ta á mọ ẹni tí mò ń sọ. Òun ló dúró níwájú pẹpẹ lọ́jọ́ Sunday kan tó jẹ́rìí pé ọdún mẹ́fà lòun fi lo tramadol, tí Olúwa sì yọ òun. Ẹ rántí bá a ṣe jó lọ́jọ́ yẹn, ìlù fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Ọkùnrin yẹn ò lè gbé ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ mọ́ báyìí. Ẹnu ẹ̀ ti wọ́ sápá kan. Ìyàwó ẹ̀ ló ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni.

Kì í ṣe pé ó padà sídìí tramadol. Kò padà síbẹ̀ rí. Àwa la ṣe é. Mo ní àwa, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ.

Ọlọ́kadà ni lágbègbè Ọjà Ọba kó tó dọ́dọ̀ wa. Ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ ń dùn ún. Ẹnìkan fún un ní tramadol, ẹ̀yìn dákẹ́, ó sì rí i pé òun lè gun ọ̀kadà láti àárọ̀ di òru láìrẹ òun. Nígbà tó yá, ẹyọ kan di mẹ́ta, 100 di 225. Àwọn ẹbí gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n tọ́jú ẹ̀, ó bọ́ níbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti wọn ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, wọ́n sì rí i pé ó ti pẹ́ tó ti ń ru. Wọ́n fún un ní táblẹ́ẹ̀tì méjì tí á máa lò lójoojúmọ́.

Lálẹ́ àìsùn kan, táblẹ́ẹ̀tì yẹn jábọ́ lápò ẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn alágbàdúrà wa rí i, ló bá pariwo pé ó ti padà sídìí oògùn. Wọ́n mú un wá bá mi. Ó ṣàlàyé fún mi, àlàyé ẹ̀ sì yé mi. Àmọ́ mo ronú pé kí ni àwọn èèyàn á máa sọ nípa ẹ̀rí tó jẹ́, mo wá ní kó gba ìwòsàn ẹ̀ ní kíkún, kó má fi ẹsẹ̀ kan sínú ìgbàgbọ́ kó fi ìkejì síta. Ó lọ da táblẹ́ẹ̀tì náà sínú ṣáláńgá. Oṣù méje lẹ́yìn ìyẹn ló ṣubú nínú balùwẹ̀.

Nítorí náà, kẹ́nikẹ́ni má sọ pé mò ń bú ìjọ ẹlòmíì. Inú ilé tèmi ni mo ti ń gbálẹ̀.

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń dà wá láàmú. Lédè wa, oògùn ni panadol. Oògùn ni ońdè tí bàbá wa so mọ́ ìdí. Oògùn náà ni tramadol. Tẹ́nì kan bá wá sọ níwájú ìjọ pé "mo ti fi oògùn sílẹ̀," gbogbo ẹ̀ la máa pò pọ̀, a ó ní kó kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dànù. Ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n ni? Ẹni tí tramadol ti di bárakú fún, tí ò bá rí i lò lónìí, á ta fóònù ìyàwó ẹ̀. Èwo nínú yín ló ti rí ẹni tó ta fóònù ìyàwó ẹ̀ kó lè ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru?

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ò kéré. Ìwádìí ọdún 2018 sọ pé ó tó mílíọ̀nù 14 èèyàn tó lo oògùn olóró ní Nàìjíríà láàárín ọdún kan. Nínú wọn, bíi mílíọ̀nù 4.6 ló lo irú àwọn oògùn ìrora bíi tramadol àti codeine láìjẹ́ pé dókítà ló kọ ọ́ fún wọn. Agbègbè wa yìí, ìwọ̀-oòrùn gúúsù, ló sì léwájú nínú lílo oògùn olóró: bí ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún. (Igbó tí wọ́n ń gbìn nínú aginjù ìpínlẹ̀ wa, ọjọ́ mìíràn la ó sọ ìyẹn.) Lóṣù karùn-ún ọdún 2018 kan náà ni ìjọba fòfin de ṣíṣe àti kíkó oògùn ikọ́ oní-codeine wọlé. Àwọn tó ń mu ún nígbà yẹn ńkọ́? Inú ìjọ ni ọ̀pọ̀ wọn wà báyìí. Àwọn kan ń lu dùùrù fún wa.

Ohun tá ò mọ̀ ni pé oògùn ìrora yẹn máa ń bo àìsàn mọ́lẹ̀. Ọgbẹ́ inú wà níbẹ̀, eyín ti jẹrà, ẹ̀jẹ̀ ń ru, ṣúgà ti pọ̀ lẹ́jẹ̀, olúwa ẹ̀ ò mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tó bá fi í sílẹ̀ ni gbogbo wọn á yọjú. Ẹ̀yin á wá ní ọ̀tá ló ń bá a jà torí pé ó wá sọ́dọ̀ Jésù. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ẹ̀yin ará. Ó tún máa ń gba agbára ọkùnrin, ó sì lè dá nǹkan oṣù obìnrin dúró. Mélòó nínú àwọn tọkọtaya tẹ́ ẹ̀ ń gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún torí ọkọ òru ló jẹ́ pé ibí yìí lọ̀rọ̀ wọn wà?

Èyí tó ń dùn mí jù ni tàwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS. Àwọn wọ̀nyí ò wá adùn lọ síbì kankan. Egungun ló ń ro wọ́n láti kékeré, wọ́n ń gún wọn ní pentazocine, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Fortwin, títí tó fi di bárakú fáwọn kan. Wọ́n á máa gún ara wọn nílé, ojú kan náà, títí itan á fi le bí igi, tí egbò á ṣí tí ò ní jiná. Táwọn míì bá jọ ń lo abẹ́rẹ́ kan náà, kòkòrò HIV tàbí àrùn ẹ̀dọ̀ á tún dé bá wọn. Ẹ bá wọn gba bárakú kúrò, ó dáa. SS ńkọ́? Ṣé ó kúrò? Lọ́jọ́ tí ìrora bá tún dé, tí wọ́n délé ìwòsàn, òṣìṣẹ́ ìlera kan á wò wọ́n tìkà-tẹ̀gbin: "Abẹ́rẹ́ ẹ lo tún wá gbà." Ní ṣọ́ọ̀ṣì, a ní ẹ̀mí àtijọ́ ló padà. Ibo lẹ fẹ́ kí wọ́n lọ? Ìrora tá ò tọ́jú ló ń dá wọn padà. Ẹni tó bá sì padà lẹ́yìn oṣù mélòó kan, iye tó ń lò tẹ́lẹ̀ lè pa á lójijì, torí ara ẹ̀ ò gbà á mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á láti Ìlú Ọba, tiyín náà wà níbẹ̀. Wọ́n ń fi methadone tọ́jú àwọn kan lọ́dọ̀ yín, ẹ̀ ń ní wọ́n fi èṣù lé èṣù ni. Láti ọdún 2005 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kà á mọ́ àwọn oògùn pàtàkì. Tẹ́ni tó ń lò ó bá wá ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ń jẹ́ rifampicin máa ń jẹ́ kí methadone tètè tán lára. Bí dókítà kan ò bá mọ ohun tí ìkejì fún un, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, oorun ò ní kùn ún. Àwọn ará ìjọ á ní ó ti ṣubú. Kò ṣubú. Oògùn méjì ló ń bá ara wọn jà nínú ara ẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ báyìí pé Pásítọ̀ ti sọ ìgbàgbọ́ nù. Mo ṣì ń gbàdúrà fún aláìsàn, mo sì ti fojú ara mi rí ìwòsàn. Àmọ́ ẹ ṣí Bíbélì yín. Ọlọ́run ti fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún ọjọ́ Hesekáyà, síbẹ̀ Àìsáyà ní kí wọ́n fi ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo ẹ̀. Pọ́ọ̀lù tó ń wo aláìsàn sàn ló fún Tímótì nímọ̀ràn ohun tí á lò fún inú ẹ̀. Dókítà ni Lúùkù, kò sì sẹ́ni tó ní kó kọ iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó bá wọn lọ. Jésù alára rán àwọn adẹ́tẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àlùfáà kí wọ́n lọ yẹ ara wọn wò. Tí ẹ̀rí bá dájú, kí ló dé tá a fi ń sá fún àyẹ̀wò?

Ẹ̀yin pásítọ̀ ẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹni tó bá ń bọ́ lọ́wọ́ bárakú, ẹ bi í léèrè kẹ́ ẹ tó gbé makirofóònù fún un: kí ni dókítà rí lára ẹ? Kí ni wọ́n ní kó o máa lò? Ẹ má so ó ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mọ́ òpó níbi ìdáǹdè. Ìjọba ní ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ níbí ní Àkúrẹ́, UNIMED ní ilé ìwòsàn ńlá ní Oǹdó, Aró wà ní Abẹ́òkúta. Tí ẹ ò bá mọ ibi tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, NDLEA ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń gbé tọ̀sán-tòru: 080010203040.

Ní tìjọ wa: ẹni tó bá tún ké "oògùn!" lé ẹnikẹ́ni lórí nínú ìsìn, ọ̀dọ̀ mi ló ti máa lọ jókòó. Mo ti bá alágbàdúrà ọjọ́ yẹn sọ̀rọ̀, ó sunkún, èmi náà sunkún. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyàwó arákùnrin wa. Kò tíì dá mi lóhùn, mi ò sì ní fi dandan mú un.

Sunday tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn, àwọn arábìnrin wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì á jókòó sábẹ́ kánópì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì. Wọ́n á wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kó oògùn tẹ́ ẹ̀ ń lò dání, ẹ má fi pamọ́ sínú àpò Bíbélì. Arákùnrin wa ní kí wọ́n gbé òun wá. Ó ní òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ wọn tòun, apá òsì.