Kí a tó bá ọ̀yẹ́ wọ igbó

Bí ọ̀yẹ́ bá ti dé ní oṣù Dìsẹ́ńbà, àwọn kan á ti iná bọ igbó, wọ́n á dúró síbi tí ẹranko yóò gbà sá jáde, wọ́n á sì máa pe ara wọn ní ọdẹ. Oko kajú ẹni ẹlẹ́ni a jóná, ẹranko tó lóyún a jóná. A mọ̀ pé àgbẹ̀ a máa sun oko rẹ̀ lásìkò. Kì í ṣe òun ni à ń bá wí. Ẹni tí ó fi iná lé ẹran ni à ń bá wí, àwa kò sì gbà pé ọdẹ ni.

Ìmúra ni ọdẹ. Òtútù òwúrọ̀ a máa mú ọwọ́ kú, ọwọ́ tó kú kò sì lè fa ọsán ire. Ìdí nìyí tí a fi ń fi òrí pa ọwọ́ àti ètè, tí a ń wọ aṣọ lé aṣọ, tí a sì ń fa ọrun díẹ̀díẹ̀ kí a tó fà á kún. Ọ̀yẹ́ a máa gbẹ igi. Ọrun tí a kò tọ́jú lè ṣẹ́ mọ́ni lọ́wọ́. Ewé gbígbẹ ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹni tó bá sì kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́ ti fi òórùn ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹran. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Wọ́n á ní òtútù tiwa kò tó nǹkan. Ní Quebec, níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀, nílé ni ọdẹ ti ń wọ aṣọ òtútù ta ọfà wò, kí ọsán má baà kọ́ ọ lápá aṣọ. Ìjọba ibẹ̀ ń bèèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tí yóò fi ọrun ṣọdẹ, èdè Faransé sì wà lára èdè tí wọ́n fi ń kọ́ni. Tiwa ńkọ́? Ní Bràsíìlì, wọ́n ń pe Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ní ọba Kétu, ọrun àti ọfà sì ni àmì rẹ̀. Kétu fúnra rẹ̀ ń bẹ lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ṣùgbọ́n ìṣáná ni a kó fún àwọn ọmọ wa.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ lọ sí Kétu, ẹ lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́ kí ọ̀yẹ́ tó ń bọ̀ tó dé. Ẹ jókòó ti àwọn àgbà ọdẹ, ẹ kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ ní Yorùbá àti ní Faransé. Igbó tí a bá jó tán lónìí, kí ni a ó fi ọrun wá nínú rẹ̀ lọ́la?